Páànù Onígun Mẹ́fà

Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn ilé náà dé òkè kejì, tí ẹ sì kan ilẹ̀kùn, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ẹ dúró ná, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi." Ìyá Onígun-Mẹ́fà nìyẹn. Àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Oníbàtà tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, ló fi pè é lọ́jọ́ tó bá a níbi tó ti ń gé páálí fáìlì sí onígun mẹ́fà mẹ́fà. Ìyá náà bú u títí, ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fi ẹ̀fẹ̀ sọni, òun ló máa ń pẹ́ jù lára ẹni. Ọdún kan kò pé tí gbogbo ilé fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan, wọ́n sì ní kó máa kó páálí fáìlì àtijọ́ lọ bó bá wù ú. Aago náà kò ṣiṣẹ́ ju oṣù méjì lọ. Páálí ṣì wà nílé títí di òní. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ tuntun, ó sì ń hun ìbòrí tí kì í jẹ́ kí ìkòkò tíì tètè tutù. Àwọn aládùúgbò tí kò ní ìkòkò tíì pàápàá gba tiwọn, wọ́n ń dé e bíi fìlà.

Kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Bí iyọ̀ bá tán nílé rẹ̀, yóò jẹun láìníyọ̀. Àga méjì ló ní, ọ̀kan ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé e ti ògiri bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Oníbàtà ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kó ṣáà gbé e wá, kó ní kí òun bá a kàn án. Kò gbé e wá. Ta ni yóò jókòó lórí rẹ̀?

Ìbọ̀sẹ̀ àti ìbòrí yẹn, eré ọwọ́ ni. Iṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lọ́kàn wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ onígun mẹ́fà tò, tàbí ká sọ pé ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. A ó gé bébà líle tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, a ó ká etí aṣọ bò ó, a ó fi òwú rán aṣọ mọ́ bébà kó má baà yẹ̀. Bí a bá ti ní méjì, a ó dojú wọn kọra, a ó fi ìrán kéékèèké so etí wọn pọ̀. Nígbà tí ègé kan bá ti ní aládùúgbò ní ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a ó yọ bébà inú rẹ̀, aṣọ á sì dúró fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń sùn lé. Bàbá wọn, tó ń fi páànù ṣe àtùpà àti àrọ, kì í mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ọmọ tó ń sunkún. Lọ́jọ́ kan ó jókòó, ó gé páànù kan sí onígun mẹ́fà, ó fi ayùn ha etí rẹ̀ kó má gé wọn lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ gba èyí. Òun ni kẹ́ ẹ máa fi wọn bébà yín." Ìtùnú tó rí ṣe nìyẹn, ó sì tó. Ẹ̀gbọ́n ń gé, àbúrò ń ká. Àbúrò kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ nígbà náà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n a máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ méjì kó tó jókòó. Ìrán ẹ̀gbọ́n le bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ti àbúrò rọ̀, ó dẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè fọwọ́ pa aṣọ náà nínú òkùnkùn kó sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Ọdún ń gorí ọdún, iṣẹ́ àti ọkọ tí àbúrò fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rójú ráyè. Ìlà mẹ́wàá ni wọ́n tíì rán, ogún ègé nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọkọ àbúrò ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Ẹ̀rù ló ba ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ìbínú ló ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé torí kó o lè fi mí sílẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ẹ?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ ná. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó tú ìrán àárín ìlà karùn-ún àti ìkẹfà, láti etí kan dé ìkejì, àbúrò dúró, ó ń wò ó. Ó ju ìdajì sí i láyà. "Gba tìẹ. Mi ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ mọ́ títí màá fi kú."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò ká aṣọ náà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ṣí agolo òwú rẹ̀, kò bá páànù níbẹ̀. Bébà kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi páànù gé ló kù. Kò ju kó gbé fóònù lọ, kó ní, "Páànù Bàbá dà?" Ṣùgbọ́n ó ti búra. Ó gbé bébà yẹn lé páálí, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, ó gé e. Nígbà tí igun ìyẹn rọ̀, ó fi gé òmíràn. Nígbà tí òmíràn gbó, ó fi òun náà gé tuntun. Ọdún mọ́kànlá.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àbúrò ń pè. Ara ń kọ́? Ara le. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ń kọ́? Ó ti ń lọ. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í: "Àǹtí mi, ṣé ẹ nílò nǹkan kan?"

"Rárá o. Mo ní gbogbo nǹkan."

Irọ́ ni. Bí fóònù bá ti kú tán, obìnrin náà á jókòó, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àárò àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ṣì ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò mú ọ̀kan. Èkejì á dúró lórí tìmùtìmù abẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pẹ̀lú òwú rẹ̀. Ìgbà mìíràn á máa fọwọ́ pa àwọn ìlà márùn-ún àkọ́kọ́, á máa wá ìrán tó dẹ̀ díẹ̀ yẹn.

Aṣọ náà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó ṣe ń gùn sí i ló ń hunjọ létí, ó ń dìde bí ewé tí oòrùn pa. Ó di ẹ̀bi ru áyọ́ọ̀nù, ó di ẹ̀bi ru òwú, ó ní ilẹ̀ ilé kò tẹ́jú. Ènìyàn tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n to fáìlì kò lè rò ó rárá pé ọwọ́ òun ló ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni obìnrin tó ń pín lẹ́tà gbé páálí kan wá, tí wọ́n fi téèpù dì mọ́tímọ́tí. Aṣọ ni, pẹ̀lú ìwé pélébé kan: "Àǹtí mi, tèmi ti pé ogún ìlà. Ẹ bá wa so ó pọ̀. Ọwọ́ yín ló tú u, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì ló máa rán an."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tirẹ̀ náà ti pé ogún ìlà láti oṣù tó kọjá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, ó tẹ́ aṣọ méjèèjì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé. Etí ibi tó ti tú u lọ́jọ́sí bára mu. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ pàápàá bá ihò abẹ́rẹ́ mu. Ó rìn lọ sí ìparí aṣọ méjèèjì láti wọn ìbú wọn. Ti àbúrò tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbú rẹ̀ kò yí padà láti ìlà kìíní dé ogún. Tirẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Oníbàtà gbọ́ ariwo bẹ́ẹ̀dì, ó gòkè wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Ìyá, kí lẹ fi ń wọn ọ́n?"

"Bébà."

"Bébà tẹ́ ẹ fi kí ni gé?"

"Bébà."

Ó mi orí. "Ẹ̀ẹ́n. Ẹ wò ó, ìlà pẹ́ńsù nípọn. Bẹ́ ẹ bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi bíńtín kún un. Ẹ tún fi ìyẹn gé òmíì, bíńtín tún gorí bíńtín. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n bàtà tèmi fi jẹ́ igi. Ọ̀gá mi ì bá ti fi bàtà gbá mi létí tó bá rí mi pẹ̀lú bébà. Òṣùwọ̀n gidi dà?"

"Kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Ọ̀dọ̀ ta ló wà?"

Obìnrin náà na ìka sí aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ kúkú béèrè rẹ̀."

"Mo ti búra pé mi ò ní béèrè."

"Ìyá," ọkùnrin náà ní, "ẹ̀yin àti ìbúra yín ló gé aṣọ yìí o, kì í ṣe pẹ́ńsù." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi bàtà rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì méjì.

Obìnrin náà sunkún. Kì í ṣe torí iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn ún. Ohun tó pa á lẹ́kún ni pé gbogbo ibi tí òun nìkan ti ṣe é ló wọ́, ibi tí òun àti àbúrò ti jọ jókòó nìkan ló gún.

Ọjọ́ Àìkú dé, fóònù dún. Ara ń kọ́? Ara le. Ẹsẹ̀ ń kọ́? Ó ti ń lọ. Ṣé aṣọ dé? Ó dé.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ nílò nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ọwọ́ kejì fa aṣọ tirẹ̀ wá sórí itan.

"Mo nílò páànù Bàbá," ó ní. "Tèmi ti wọ́. Látorí ìlà kẹfà lọ ló ti wọ́, mo ní láti tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́."

Ohùn àbúrò ti yí padà. "Inú pọ́ọ̀sì mi ló wà, Àǹtí. Kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo mú un lọ́jọ́ yẹn kó lè di dandan fún yín láti pè mí béèrè rẹ̀. Mo rò pé kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ kan." Ó fa imú. "Ẹ ò rí i pé orí yín le? Ọdún mọ́kànlá!"

"Ìwọ tó o jí òṣùwọ̀n, ìwọ lo tún ń bú mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹkún ń gba inú rẹ̀ kọjá.

"Màá fi ránṣẹ́ lọ́la," àbúrò sọ.

"Má fi ránṣẹ́. Ó lè sọ nù lọ́nà." Èyí ni ohun tó fẹ́ béèrè látọjọ́ yìí, páànù kàn ṣíwájú rẹ̀ ni. "Mú un wá fúnra ẹ. Wá, ká jọ ṣe é."

"Wọ́n á fún mi nísinmi lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Màá wá."

Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà láti ìlà ogún wá sísàlẹ̀. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni kò ní fọwọ́ kàn. Nígbà tó tú ìlà kan tán, ó dìde, ó gbé àga ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kúrò lára ògiri, ó rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú oníbàtà.

"Jọ̀ọ́, bá mi kan ẹsẹ̀ rẹ̀."

Oníbàtà wo àga, ó wo ojú rẹ̀. "Àlejò ń bọ̀?"

"Àbúrò mi."

"Nígbà wo?"

"Oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀! Àní bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ́la ló wà nílẹ̀ yìí. Kí lẹ fẹ́ fi àga ṣe lónìí?"

"Mo fẹ́ kó ti wà níbẹ̀ ná," ó ní.

Oníbàtà ti bàtà iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì mú òòlù.