Ọjọ́ Tí Eégún To Àwọn Ọmọ Bí Ẹja

Èéfín ẹja àti epo bẹntiróò ni èbúté Òde Ugbò fi ń kí ènìyàn láàárọ̀. Bí o bá ti sọ̀kalẹ̀ sórí afárá pákó báyìí, àwọn méjèèjì á jọ dì mọ́ aṣọ rẹ, kò sí ọṣẹ tó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ bí ìyàwó, òórùn náà máa ń rìn mí lára. Nígbà tó yá, òun gan-an ló wá ń sọ fún mi pé ọkọ mi ti dé láti Igbókòdá, nítorí ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń kó èrò lọ tó ń kó èrò bọ̀. Bí epo bá ti rùn lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ó bá pẹ́, èbúté ni màá lọ dúró sí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò fara sin. Ọkọ mi mọ omi, n kò lè parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń sọ fún èrò pé ọkọ̀ ti kún. Ènìyàn méjìlá ni ọkọ̀ yẹn lè gbé. Ogún ni òun ń kó, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ edé, kẹ́ẹ̀gì epo àti ewúrẹ́ ìyá oníyàá. Àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí èrò wọ̀ kí wọ́n má baà rì, abẹ́ ìjókòó ló kì wọ́n bọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ìyá ọmọ mi, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ àbí ìwọ?" Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti wá, kí ohun tí mo ṣe má baà yà ọ́ lẹ́nu. Ìlú ìjọ kan létí òkun ni wọ́n bí mi sí, níbi tí gbogbo wa ti jọ ń jọ́sìn, tí a jọ ń ṣiṣẹ́. A kì í wo eégún níbẹ̀. Aríran la ní. Bí ẹnìkan bá dìde nínú ìsìn, tó ní òun rí àwọn ènìyàn tí wọ́n nà sílẹ̀ gbalaja létí omi, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọkọ̀ tó máa kúrò ní èbúté lọ́jọ́ náà, àdúrà ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ní ti ọkọ mi, ilé tí wọ́n ti ń bo ojú ṣeré ni wọ́n bí i sí. Kì í ṣe eégún tó ń súre fún ìlú ni mò ń sọ o. Eléré ni àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n á gbé agọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n á máa lọ láti iwájú ilé kan dé òmíràn, tí wọ́n á máa sín àwọn ará ìlú jẹ: nọ́ọ̀sì tó máa ń jágbe mọ́ aláìsàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, olóyè tó máa ń sùn nípàdé. Òfin wọn kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò gbọdọ̀ bínú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá eré dúró. Ẹni tó bá dán an wò, ọtí ni yóò rà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀sán ni, oòrùn mú gan-an, afárá sì kún fọ́fọ́. Eléré kan dúró níwájú ilé wa, àkísà àwọ̀n ni gbogbo agọ̀ rẹ̀, igi fífín ẹlẹ́nu fífẹ̀ ló fi bojú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí pákó, ó na ọrùn, ó fi ọwọ́ òsì di ẹ́ńjìnnì tí kò sí níbẹ̀ mú. Ni ariwo bá ta. Ọkọ mi ni, kò ku síbì kan! Ìdúró rẹ̀, bó ṣe máa ń tutọ́ sómi kó tó fa ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Eléré wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn eégún pe èrò. "Ààyè wà! Ẹ sún mọ́ra, ààyè ṣì wà!" Ó ń fa àwọn ọmọdé lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí pákó, orí ọ̀kan síbi ẹsẹ̀ èkejì, bí a ṣe ń to ẹja sórí ààrò gẹ́lẹ́. Bó bá tò wọ́n dáadáa tán, á bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ́ iná sí wọn lábẹ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ènìyàn. Ọmọ tèmi ló tò kẹ́yìn. Ọmọ náà dijú, ó ká ọwọ́ sí àyà, kò mira.

Ẹja ni àwọn yòókù rí. Òkú ni mo rí. Ọ̀rẹ́ mi, ara mi tutù nini lábẹ́ oòrùn yẹn. N kò mọ ìgbà tí mo ké, "Jésù!" tí mo já wọ àárín eré, tí mo fa ọmọ mi dìde lọ́wọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Eléré dúró sójú kan. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye, wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyàwó, o dójú tì wá." Ilé wa ra ọtí.

Nínú yàrá, mo sọ fún ọkọ mi pé ìran ni eléré náà rí, kó jọ̀ọ́ má gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fi ṣeré, gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan lò ń sunkún. Eégún wo ló ń ríran?"

"Bí kì í bá ṣe ìran, kí ni?"

Ó kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ Ìye àti ọmọ wa ló fẹ́ bá a lọ sí Igbókòdá láàárọ̀, nítorí ojú tó ń dun ọmọ náà. Èmi ti pinnu ní tèmi pé ọmọ mi kò ní wọ ọkọ̀ yẹn.

Ìye bá mi jà ní èbúté títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ojú ọmọ fọ́ ni nítorí eré ọdún? Mo kàn gbé ọmọ pọ̀n, mo fi ọ̀já méjì dè é. Ìye bá fìbínú wọ ọkọ̀, ó ní òun á lọ ra oògùn ojú náà wá. Mo dúró, mò ń ka orí wọn. Nígbà tí èrò pé méjìlá, ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Ẹ dúró de ọkọ̀ tó kàn." Àwọn obìnrin ẹlẹ́dé bú u, ọ̀kan bi í bóyá ó ti ta ọkọ̀ náà ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe bákan. Ẹ́ńjìnnì tí mo gbọ́ tó ń dún ketekete! Ó fa àwọn jákẹ́ẹ̀tì jáde, ó pín wọn fún èrò, kò sì wojú mi rárá.

Ọjọ́ yẹn gùn. Fóònù kò wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sán atẹ́gùn gbéra, ojú ọ̀run sì ṣú. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá dún ló ń gbé mi sáré lọ sí èbúté. Ẹja mi jóná lórí ààrò, n kò tilẹ̀ bìkítà. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Èrò kan wá wọlé, kò sì jáde mọ́: bí mo bá gbà lóòótọ́ pé ìran ni, kí ló dé tí mo jẹ́ kí Ìye lọ? Ọmọ tèmi nìkan ni mo gbà sílẹ̀. Ìtìjú ìyẹn ṣì wà lára mi títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, gbogbo wọn tutù jìnjìn. Ìjì ká wọn mọ́ ibi tí odò ti fẹ̀, omi sì gba etí ọkọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi igbá gbọ́n ọn tán. Ìye sọ̀kalẹ̀, ó di apá mi mú. "Ìyàwó, ká ní a pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀ bá máa wá wa báyìí." Ó fa igò oògùn ojú yọ láyà, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá àbúrò bàbá ọkọ mi, bàbá arúgbó tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́yìn ilé wa. Obìnrin kì í béèrè ẹni tó wà nínú agọ̀, nítorí náà mo ní kí bàbá bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ eléré náà, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, nítorí Ọlọ́run ló lò ó bí aríran. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

"Ìyàwó wa, aríran wo? Ta ló jókòó síbí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ń sunkún, tó ní ọkọ òun ń to ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ bí ẹni ń to ẹja sórí ààrò?"

Èmi ni. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo nujú, mo lọ yí ẹja mi padà, mo sì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n da agọ̀ bò, tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀!

"N kò ní mo mọ ẹni tó gbé agọ̀ o," bàbá ní, ó ń fa òwú. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣeré ọdún, àfi kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ilé ń sọ."

Títí dòní, bí wọ́n bá ń jiyàn níwájú mi bóyá ó yẹ kí á ka ọ̀rọ̀ eléré sí, mo máa ń rántí ọjọ́ yẹn. Eléré kò ríran jù wá lọ. Etí ló ní. Ohun tí ìyàwó ń sọ ní yàrá tí wọ́n ń kọ etí dídi sí, òun ló ń gbé e jáde sí gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ní kó panu mọ́. Ó dùn mí, n kò ní purọ́, pé ojú lásán tèmi, tí n kò fi nǹkan kan bò, kò tó láti mú ọkọ mi gbọ́.

Ọkọ mi kò kó ju ènìyàn méjìlá lọ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀, ó ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó kàn dá ọwọ́ dúró. "Ẹni tó wà nínú agọ̀ yẹn fẹ́ràn mi," ó ní. "Ìwọ tí a jọ ń gbé, o ò jẹ́ sọ ọ́ fún mi báyẹn." Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo wò ó, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì, mo bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀. Àbí kí ni mo tún ń wá? Ó ti gbọ́.