Aṣọ Eku Tó Bá A Mu

Ẹjọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rò ó tán kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i.

Láàárín àwọn ọdún 2000 ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Agége wá sí Lotto ní Mówè, sínú ilé tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí ẹ́sípírẹ̀ẹ̀sì. Eyín òkè rẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tóbi ju ẹnu tí Ọlọ́run kó wọn sí lọ. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi ni ìyá rẹ̀, irú eyín bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ní kí ojú mi tó dàgbà bá a. Kó tó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Eku.

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, mi ò bá mọ bí mo ṣe máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ń rọra ki ìrẹsì gba àárín ètè bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, kò ní dáhùn, tíṣà wá ránṣẹ́ sí mi pé orí ọmọ náà kò jí. Ọmọ tó ti ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀! Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday kan, ó bi mí léèrè láti ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pé, “Mọ́mì, ṣé kò sí ilé ìwé ní Ìbàfò ni? Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀ yẹn mọ́.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ fẹjọ́ sùn. Lákọ̀ọ́kọ́, tíṣà ní, “Ẹ má bínú mà, eré ọmọdé ni.” Lẹ́ẹ̀kejì ó ní, “Ọmọ yín náà ló máa ń mú nǹkan le.” Mi ò tíì dárí ji gbólóhùn kankan nínú méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwé wọlé sórí fóònù mi lọ́jọ́ Friday kan, nígbà tí oṣù October ń parí lọ. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

“E ku ise o eyin obi. Ni Friday to n bo, ki omo kookan wo aso eku to ba a mu wa si ile iwe. E se.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á pẹ̀lú ojú tèmi. Eku ni wọ́n ń pe ọmọ mi. Mo fẹjọ́ sùn. Ilé ìwé wá fi ọ̀wọ̀ àti ìkíni ránṣẹ́ padà sí mi pé kí n wọ aṣọ eku fún un, kí n sì rí i pé ó bá a mu.

Èdè Yorùbá ni mo kà gboyè ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí, tí kò ní nísàlẹ̀, dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wù ló ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n eku tí mo bá nínú ilé yìí, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní Monday, ọ̀kadà gbé mi dé ẹnu ọ̀nà wọn kí agogo tó lù. Akọ̀wé wọn, ọmọge kan tí ilé wọn wà ní Ifọ̀, ń jẹ gúgúrú.

“Ta ló kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí?”

“Èmi ni mà. Ṣé ẹ ò rí i kà ni?”

“Mo rí i kà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Kí ni aṣọ eku?”

Ó ní, “Há! Ẹ̀kú ni mà. Ẹ̀-kú. Aṣọ egúngún.”

“Egúngún?”

“Kì í ṣe egúngún gidi mà. Egúngún òyìnbó ni.”

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé. Obìnrin tó ni ilé ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Sùkúù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé. Wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń wọ aṣọ abàmì ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Halowíìn, kálukú á mú èyí tó bá a mu, wọ́n á sì máa gba súìtì kiri. Mọ́mì Sùkúù fẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún akọ̀wé pé kó má kọ Halowíìn, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà bínú. Ó wá ronú jinlẹ̀. Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà bínú, ó fi egúngún rọ́pò rẹ̀.

“Àmì dà lórí ọ̀rọ̀ náà?”

“Fóònù ò ní àmì mà.”

“O ò lè pè wá kí o fi ẹnu sọ ọ́?”

“Kò sí kírẹ́dì mà.” Ó na gúgúrú sí mi. Mi ò gbà á.

Ní Wednesday, Mọ́mì Sùkúù pe ìpàdé òbí. Màmá Dikọ́nẹ́ẹ̀sì, tó ń gbé lójú ọ̀nà ibùdó àdúrà, ló kọ́kọ́ dìde. Nínú gbogbo òbí, òun nìkan ló ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́, òun náà ló sì bínú jù.

“Àdúrà la tìtorí ẹ̀ kó kúrò l'Ékòó,” ó ní. “Ẹ wá fẹ́ da ẹ̀kú bo ọmọ wa lórí?”

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ìmúra lásán ni,” Mọ́mì Sùkúù bẹ̀bẹ̀. “Ní London—”

“London jìnnà mà. Mówè la wà.”

Ibẹ̀ ni bàbá tó ń ránṣọ ní ẹnu àdúgbò wa ti na ọwọ́. Alfa ni gbogbo wa ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí, ẹ má fagi lé e. Mo ti rán tọmọ tèmi.”

“Kí lẹ rán, Alfa?”

“Eku. Ṣé eku kọ́ lẹ ní ká rán ni? Mo ti so ìrù mọ́ ọn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Alfa ló sọ ọmọ mi lórúkọ.

Mọ́mì Sùkúù gbá ọ̀rọ̀ ìrù mú bí ẹni tó rí okùn nínú kànga. “Ẹranko!” wọ́n ní. “Ta ló dá ẹranko? Ọlọ́run kọ́? Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ẹranko tó bá a mu.”

Màmá Dikọ́nẹ́ẹ̀sì rò ó díẹ̀. “Àyàfi ejò,” ó ní.

Gbogbo ilé dáhùn pé àyàfi ejò.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹranko fún ọmọ mi. Mo ní kó wọ ẹyẹlé. Ó ní eku tó bá hu ìyẹ́ ti di àdán nìyẹn, àdán ni wọ́n máa tún máa pe òun. Mo ní kìnnìún ńkọ́. Ó ní wọ́n á ní eku lọ jí awọ kìnnìún. Mo ní ìgalà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Ẹ jẹ́ n má lọ, Mọ́mì. Kò sí èyí tó máa bá mi mu.”

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Alfa nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ aláwọ̀ búráùn tó ṣẹ́ kù nínú kọ́tìnnì wa, láìmọ ohun tí a fẹ́ rán. Aṣọ eku náà wà lórí ìṣó, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Páálí ló fi ṣe etí, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ìrù. Kí n má purọ́, ọwọ́ Alfa dá.

“Ẹ bá mi wò ó, ìyá wa. Ṣé kò jọ?”

“Ó jọ.”

Mo ti to ẹjọ́ mi sẹ́nu. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n gba orí ìrẹsì, kí n parí ẹ̀ sí Ìbàfò. Ṣùgbọ́n ọmọ mi fa ìró mi. Ó ti ń wo aṣọ náà látìgbà tí a ti wọlé, ó wo etí, ó wo ìrù. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀.

“Ológbò,” ó ní.

“Kí lo wí?”

“Ológbò ni mo fẹ́ wọ̀.”

Mo wo Alfa. Kò fura rárá. Ó ti mú téèpù, ó ń wọn èjìká. “Ológbò! Yóò bá a mu gan-an ni. Ṣé kí n fi bébà funfun gé eyín sí i?”

“Rárá sà,” ọmọ mi ní. “Mo ní tèmi.”

Mo gbé ẹjọ́ mi mì. Kò lọ tán.

Nígbà tó di Friday, pápá ilé ìwé kún fún àgùntàn. Mẹ́ta níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Màmá Dikọ́nẹ́ẹ̀sì. Bí ọmọ mi ṣe wọ géètì, ọmọ kan tí orúkọ náà ti mọ́ lẹ́nu kígbe pé, “Eku ti dé o!”

Ọmọ Alfa yíjú padà nínú aṣọ eku rẹ̀. “Kí ló dé?”

Ẹ̀rín bú. Ojú ọmọ náà kọ́kọ́ lọ síbi aṣọ ara rẹ̀, ó wá lọ sára ológbò tó ń bọ̀ wá bá a. Ọmọ mi ò sáré. Ó la ẹnu, eyín méjèèjì jáde pátápátá, ó ní, “Ńyáò.” Eku fi ẹ̀yìn rìn, ó tẹ ìrù ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrù sì já. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi eyín mú un, ó sì gbé e yí pápá ká níṣojú gbogbo ilé ìwé.

Nínú àwa òbí tó wá wòran, Alfa ló pàtẹ́wọ́ jù. “Ṣé mi ò sọ fún yín pé ó máa bá a mu!”

“Ológbò!” Màmá Dikọ́nẹ́ẹ̀sì ti dìde, ó di orí mú. “Ta ló mú ológbò wá sáàárín àwọn ọmọ Ọlọ́run? Ṣé ẹ ò mọ irú àwọn tó máa ń di ológbò lóru ni?”

“Ejò nìkan lẹ yọ, mà,” mo ní. “Gbogbo ilé ló gbọ́.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti jàre lójú ẹsẹ̀.

Aṣọ náà bá a mu. Ó sì bá a mú eku. Lórí fóònù akọ̀wé, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ mí. Ní Monday, mo tún gun ọ̀kadà lọ, kí tíṣà, akọ̀wé àti Mọ́mì Sùkúù lè bẹ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan, tọmọ Alfa yóò sì kẹ́yìn. Ojú fèrèsé kíláàsì ni mo gbà. Tíṣà béèrè nǹkan, mi ò gbọ́ ohun tó jẹ́. Ọmọ mi nawọ́, ó dìde, ó sì dáhùn pẹ̀lú ẹnu tó là gbàgà, eyín méjèèjì níta bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ń retí àlejò. Kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkankan. Ọmọ Alfa, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ń da ìdáhùn náà kọ.

Mo dúró síbẹ̀ títí ọlọ́kadà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè. Mo gbé ẹjọ́ mi padà sí Lotto. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.