Nọ́fíù Onítọ́kì àti Àmín Ọjọ́ Wòlímọ̀

Lọ́dún 1955, bí ẹ bá béèrè Nọ́fíù aránfìlà ní Ifọ̀, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ọkùnrin lọ sí Mẹ́kà, ó pẹ́ níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi sunkún sú, ó wá padà dé pẹ̀lú èdè àwọn ará ilẹ̀ Tọ́kì. Ilé àwọn ará Bùhárà, ìlú Mùsùlùmí kan tó jìnnà réré, ló ti ń pọnmi ní Mẹ́kà, àwọn Tọ́kì sì múlé tì wọ́n. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé èdè àwọn méjèèjì tan mọ́ra, bí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá àti Àwórì. Ó kó sí i lórí. Bó bá ti ran fìlà tán, á jókòó ti ìwé, á máa dá sọ̀rọ̀.

Sùwéébátù, ọmọ Àfáà Bùrẹ́ímọ̀, ló fẹ́ fẹ́, ọmọ náà sì fẹ́ ẹ dénú. Baba ló kọ̀.

“Ohun tó o kọ́ yìí, ṣé kéwú ni?”

“Kì í ṣe kéwú, bàbá. Ìmọ̀ ni.”

Àfáà ní òun ò lè fọ́mọ fún ẹni tí òun ò mọ ohun tó ń sọ.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún àwọn ọmọ kéwú níwájú mọ́sálásí. Mùtàlíbù, àgbà àdúgbò, ní, “Nọ́fíù, dìde, jẹ́ ká gbọ́ èdè tó o lọ kọ́ ọ̀hún.” Nọ́fíù dìde, ó fi ohùn dídùn kọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Kò tíì kọ ọ́ tán tí gbogbo èrò tẹ́wọ́: “Àmín! Àmín láṣẹ Ọlọ́run!” Wọ́n fọwọ́ pa ojú. Ìyá arúgbó kan ń sunkún. Àṣà wa ni. Kí oníláwàní ṣáà ti fi ohùn wọ́ ọ̀rọ̀, àmín ti dé nìyẹn. Mùtàlíbù ní wọ́n ti rí náíbì tí yóò máa ran Lèmọ́mù lọ́wọ́. Àfáà Bùrẹ́ímọ̀ alára sún, ó fún un láyè lórí ẹní.

Kí Nọ́fíù ṣáà jókòó, kó panu mọ́, ìyàwó dé. Ó rí Sùwéébátù tó ń rẹ́rìn-ín láàrin àwọn obìnrin. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin baba. Kì í ṣe àdúà. Bí ará Bùhárà ṣe ń polówó búrẹ́dì gbígbóná ni.”

Ojú ti Mùtàlíbù, ó sì fa ojú ro.

Àfáà wò ó títí. “Ta ni ì bá mọ̀ níbí?”

“Kò sí, bàbá.”

“Náíbì bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn,” ni Àfáà wí. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Sùwéébátù, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé yóò máa fi èdè tí a ò gbọ́ tàn wá jẹ. Ó ráyè ẹ̀ lónìí, kò ṣe é. Nọ́fíù, dìde, lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó.”

Nọ́fíù ò lè dìde. Ẹkún ló ń sun lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.