Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Ìjẹ́wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìyá mi ń kiri ọṣẹ dúdú láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Ọjà'ba, tọ́rọ́ ni odidi ọṣẹ tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ yẹn náà ni mò ń tà ní Bẹẹrẹ lónìí, ẹni tó bá sì gbọ́ iye tí mo pè á wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó ìnira wọ̀lú.

Nígbà ọṣẹ tọ́rọ́ yẹn ni wọ́n pe télọ̀ agboolé wa lólè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í jẹun nídìí iṣẹ́ kí epo má baà kan aṣọ oníaṣọ. Bàbá olówó kan láti Ọ̀rányàn gbé àrán fún un pé kó fi rán agbádá Iléyá. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọdún dé, a ò rí àrán mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ wá a títí, ó tú òkè àjà pàápàá. Nígbà tí bàbá olówó máa dé, ọlọ́pàá ló mú dání, ó ń pariwo pé télọ̀ ti ta àrán òun jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí àgbà bá ń bínú, a kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọdé á dọ̀bálẹ̀, inú àgbà á rọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá jókòó wádìí. Èmi fúnra mi ti bẹ bàbá mi rí nítorí àwo tí ológbò fọ́. Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, kàn nawọ́ sílẹ̀ ni. Ó ní, "Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, kí ara tù wọ́n."

Télọ̀ nà gbalaja. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ foríjì mí. Ọmọ yín ni mí."

Èmi àti ìyá mi wà níbẹ̀, gbogbo wa sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. A ò mọ̀ pé ọlọ́pàá ti yọ ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n kà ní kóòtù májísíréètì: ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ ìforíjì lójú èèyàn, ó ti jẹ́wọ́. Télọ̀ fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní kó panu mọ́. Wọ́n ní kó san fáìnì tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Owó tó ti ń kó jọ fún ìgbéyàwó ló fi san án.

Àwọn ará ilé ní kó dúpẹ́, ó ṣáà ti bọ́. Bọ́ kẹ̀? Ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí ìjọba ti fọwọ́ sí i pé olè ni? Ẹni tó gbé ṣòkòtò yíya wá pàápàá ń jókòó tì í títí yóò fi parí, ó ń ṣọ́ òwú. Àwọn òbí ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní àwọn ṣì ń rò ó.

Lọ́yà ọ̀dọ́ kan, ọmọ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló sọ fún un pé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn oníbàárà òun ò ní í kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, ó bá wọn lọ, ó sì mú mi dání.

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, akọ̀wé kóòtù ń túmọ̀ rẹ̀. Lọ́yà dìde. "Olúwa mi, ọmọ Yorùbá ni yín. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ń bínú, ṣé mo ti sọ ohun tí mo ṣe nìyẹn?"

Adájọ́ àgbà nu awò ojú rẹ̀. Ó ní òun náà dọ̀bálẹ̀ fún àna òun lọ́jọ́ Àìkú, òun ò sì tíì mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Ló bá mójú le.

"Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́," ló wí. "Ẹni tó pe èèyàn lólè ni kó mú ẹ̀rí wá, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kí wọ́n tó dá a lẹ́bi."

Ó fagi lé ìdájọ́ yẹn, ó ní kí wọ́n dá fáìnì padà. A ò mọ ẹni tó wọ àrán náà títí dòní.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹnu adájọ́ kan ṣe. Kí ọdún yẹn tó parí, lọ́yà wa ti gbé ìwé ìdájọ́ náà lọ gba ẹni méjì mìíràn sílẹ̀ ní májísíréètì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá aláṣọ kan ní Ògùnpa tó kúnlẹ̀ jù. Mọ́gàjí pàápàá yí ohùn padà: kọ́kọ́ sọ pé o ò ṣe é, kí o tó dọ̀bálẹ̀.

Ayé ti yí. Ọmọ tí ọlọ́pàá bá mú ní Mápó lónìí, ó ti ń pe lọ́yà lórí fóònù kí wọ́n tó bi í lórúkọ. Wọ́n sọ lórí rédíò pé kò yẹ kí ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni láìsí lọ́yà tàbí kámẹ́rà nítòsí. Àwọn ọlọ́pàá kan ò ní rédíò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa rà á.

Ní ti télọ̀ wa, àwọn àna rò ó tán lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìdájọ́ náà, wọ́n sì gbà fún un. Pọ́n-ùn méje àti ṣílè mẹ́wàá ni ìjọba dá padà fún un, lọ́yà sì gba pọ́n-ùn mẹ́jọ. Ohun tó ná an láti má jẹ́ olè mọ́ ni ṣílè mẹ́wàá géérégé.