Àbúrò Mi Tí Kò Sí Nínú Ìwé Onítàn Tẹ́lẹ̀

Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé lé wa kúrò lábúlé wa nítòsí Òrè, gbàǹja ṣì wà nínú omi. Ará Ṣàgámù ni wá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Bàbá mi ti ń ra obì nígbà náà. Ẹni tó bá ń ṣòwò gbàǹja mọ̀ pé tá a bá ti rẹ ẹ́ sómi, a gbọ́dọ̀ bó o, ká fọ̀ ọ́, ká fi ewé tẹ́ agbọ̀n fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹrà. Èmi àti Màmá ń bó o lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn ńlá dún lápá odò. Ilẹ̀ mì. Kí Bàbá tó jáde, àwọn aládùúgbò wa ti ń sá kọjá.

Bàbá ní ká máa bó obì lọ. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. A bó o tán, a dì í sí agbọ̀n méjì, Bàbá sì so méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere wọn.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ibà ti dá Ṣìkírá, àbúrò mi obìnrin, dùbúlẹ̀. Màmá ní, "Bàbá Múfú, ọmọ yìí ò lè rìn. Ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́."

"Tá a bá fi obì sílẹ̀, kí la fẹ́ máa jẹ nílé? Pọ̀n ọ́n."

Màmá pọ̀n ọ́n. Inú igbó la gbà, a kọrí sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ariwo ìbọn nìkan ni ogun, ṣùgbọ́n ìrìn ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo mọ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù tá a bá lóko olóko la jẹ. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń bọ̀, a ó dojú bolẹ̀. Nígbà tó rẹ Màmá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Múfú ń gba Ṣìkírá pọ̀n lọ́wọ́ ara wa. Ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó tutù. Mo rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó sọ fún wọn, torí ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo ṣe é.

Bàbá fi àdá gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kírun sí Ṣìkírá lára, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Nígbà tá a dé Ṣàgámù, obì kankan ò bàjẹ́. Òun ni Bàbá fi tún òwò bẹ̀rẹ̀, òun náà ló rán Múfú nílé ìwé. Fún àwọn tó bá bèèrè, wọ́n ní ibà ti pa Ṣìkírá kí ogun tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń sọ ọ́ títí àwọn òbí wa fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàkójọ ìtàn àti ohun àtijọ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ ń ṣe ìwé nípa àwọn oníṣòwò obì. Ẹgbẹ́ náà kì í tẹ ìtàn ìdílé kankan láìkà á sétí àwọn ọmọ ilé, kí méjì nínú wọn sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Tísà Ṣóyẹmí, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìsarà, wá sílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Múfú, ti fọwọ́ sí i. Èmi ló kù. Tísà wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á: Bàbá wa kó gbogbo ará ilé rẹ̀ la ogun já, ẹnì kankan ò ṣòfò.

Mo ní, "Tísà, ẹ dúró níbẹ̀. Àwa márùn-ún la jáde. Mẹ́rin la wọlé."

"Sàfú, Bàbá wa lò ń sọ yìí," ni Alhaji wí. "Inú ìwé ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n sí."

"Mo mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ pọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti agbọ̀n obì. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí mo fẹ́ràn Bàbá mi gan-an. Tísà ò kọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ò lè yí ohun tí Alhaji ti fọwọ́ sí padà, àfi tí Alhaji bá gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lójú títì. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gba bírò lọ́wọ́ Tísà, kí wọ́n sì fa ìlà pa orúkọ tí wọ́n ti fi fọwọ́ sí i.

"Òótọ́ ló sọ. Ẹ kọ ọ́."

Tísà kọ orúkọ Ṣìkírá. Wọ́n bèèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, àwọn náà wò mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú àwa méjèèjì. Tísà fi àyè sílẹ̀ níwájú orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde.