Bí Dàpọ̀ Ṣe Gba Olè Mi Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀, inú tún máa ń bí mi ni! Ìyàwó mi ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní n kò gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wa dá a.

Nígbà yẹn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ṣì wà. Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n eré ṣíṣe ló wà lẹ́mìí mi. Mo wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan tó ń ti gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù, ọ̀gá wa ní àwa náà yóò ṣe tiwa. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ni, ọ̀kan ọmọ Òṣogbo, ọ̀kan ọmọ Iléṣà. Wọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ni ìjọba ní kí wọ́n jọ lọ mú olè kan tó jí góòlù. Wọ́n á máa gba iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa ṣubú lura wọn, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òṣogbo. Dàpọ̀ ni ti Iléṣà.

Ẹ má rò pé eré là ń ṣe o! Èmi àti Dàpọ̀ ò fẹ́ rí ara wa sójú lóòótọ́. Tíṣà ni ní Iléṣà, ọmọ ibẹ̀ gan-an, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Bí wọ́n bá fún mi ní gbólóhùn mẹ́ta nínú eré, á ní mẹ́rin ni tòun. Bí mo bá dé fìlà, á ní òun á fi awò dúdú sójú. Ìjà tó wá le jù ni ti ẹni tí yóò mú olè níparí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi fà á! Ọ̀gá ló bá wa parí ẹ̀. Ó ní èmi Múrí ni màá mú olè, èmi ni màá kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí Dàpọ̀ kàn máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Dàpọ̀ ò bá a jiyàn. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé kò yẹ kí n ti fura?

Ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi lásìkò yẹn tó ju fíìmù lọ. Mo ti rí ọmọbìnrin kan ní Iléṣà, nọ́ọ̀sì ni, Ìbídùn lórúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí n rán aṣọ kó gún mọ́. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìparí fíìmù náà, ó mú mi lọ kí bàbá rẹ̀, àgbàlagbà kan tó lórúkọ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn, tí kì í fi àṣà ṣeré rárá. Mo wọ ṣòkòtò funfun tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo fi sítáàṣì sí i, ó le gbagidi. Bí mo ṣe dé iwájú bàbá, mo ro ti ṣòkòtò, mo ro ti ilẹ̀ eléruku, ni mo bá kàn tẹ̀ ba, mo fi ìka kan ilẹ̀. Ẹ wo ìyà tí mo fọwọ́ ara mi fà!

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní télọ̀ ni mí, mo sì tún ń ṣeré.

"Eré ṣíṣe?" ni bàbá wí. "Uṣẹ́ nìyẹn?"

Bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iṣẹ́ nìyẹn. Ó wá ní ọmọ tí àyà rẹ̀ ò lè kan ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò kọ́ ọ nílé, òun ò sì ní ọmọ tí òun máa fún un. Mùsùlùmí tí mo jẹ́, kò dárúkọ rẹ̀. Òṣogbo tí mo ti wá, kò bá mi wí sí i. Ìdọ̀bálẹ̀ ló bí i nínú!

Ìbídùn sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àǹfààní ẹyọ kan ló kù fún mi. Níbikíbi tí mo bá ti tún pàdé bàbá òun, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, ìbáà jẹ́ lábẹ́ òjò, bí àyà mi ò bá kan ilẹ̀, kí n gbàgbé òun pátápátá. Mo búra fún un. Àṣìṣe mi ni pé mo ro ẹjọ́ yìí fún àwọn ẹgbẹ́ eléré nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sí Òṣogbo láti òde eré kan. Dàpọ̀ jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí a máa parí fíìmù, ní títì Òkèṣà ní Iléṣà. Lásísì, ẹni tó ń ṣe olè, yóò sáré kọjá, èmi yóò máa lé e, Dàpọ̀ yóò tẹ̀ lé mi, màá bẹ́ mọ́ olè lórí, ó parí. Ìbàdàn la ti háyà kámẹ́rà àti ẹni tó ń yà á, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń padà. Fíìmù tó kù ò lè yà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, Dàpọ̀ ń sáré bọ̀ tòun ti ìbọn onígi lọ́wọ́, ìyá kan kí i láti ẹnu ọ̀nà pé, "Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o!" Ọ̀gbẹ́ni dúró, ó ń bèèrè àlàáfíà ọmọ àti ọkọ! Ọ̀gá pariwo, "Káàtì!" Ní ìgbà kejì, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan dá a dúró pé báwo lọmọ òun ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Dàpọ̀ ń ṣàlàyé ìṣirò fún un. Káàtì! Ní ìgbà kẹta ńkọ́? Ó rí hẹdimásítà rẹ̀ àtijọ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, ló bá ju ìbọn sínú àpò, ó ń bá a ti kẹ̀kẹ́. Ó bá a tì í dókè!

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Mo bọ́ fìlà mi, mo nà án mọ́lẹ̀. Mo pariwo mọ́ Dàpọ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ló ń kí gbogbo ìlú? Èèyàn gidi wo ló ń dá iṣẹ́ dúró nítorí ìkíni? Mo ní bó bá tún dúró kí ẹnikẹ́ni, àní bó jẹ́ gómìnà, màá fi ìbọn onígi yẹn là á lórí. Gbogbo títì ló gbọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló kù. Ọ̀gá ní, "Ákíṣọ̀n!" Lásísì ki eré mọ́lẹ̀, mo gbá tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́! Mo ti na ọwọ́, ó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kí n gbá a mú. Ni mo bá gbójú sókè.

Ta ló dúró sétí títì? Bàbá Ìbídùn! Ó fọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò mí.

Wàláhì, n kò ronú. Ara mi ló dá a ṣe. Bí mo ṣe ń sáré bọ̀ náà ni mo ṣe nà gbalaja, mo fi àyà wọ́ ilẹ̀ títí mo fi dé ibi bàtà bàbá. Eruku pupa kún ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà!"

Mo rò pé á ní kí n dìde kíá. Ẹ gbọ́ mi, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre! Ó wúre fún ọwọ́ mi, ó wúre fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó wúre fún ọ̀nà tó ti Òṣogbo wọ Iléṣà. Àgbà ò sì tíì ní kí n dìde, ṣé mo lè dìde ni? Dàpọ̀ sáré dé, ó rí i pé tíṣà òun ní sọ́ńdè sukúù ló ń gbàdúrà, òun náà bá nà sí ẹ̀gbẹ́ mi. Lásísì olè wẹ̀yìn, kò rí ẹni tó ń lé e mọ́. Ó padà wá wò ó bóyá a ti ṣèṣe. Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ òun náà, ló bá dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Dàpọ̀! Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì àti olè tí wọ́n ń lé, a tò síwájú àgbàlagbà kan láàárín títì, à ń ṣe àmín.

Ọ̀gá ńkọ́? Kò lè sọ pé "Káàtì." Ta ló máa pariwo káàtì sáàárín àdúrà àgbà? Òun náà ti ṣí fìlà, ó ń ṣe àmín. Kámẹ́rà ń yà lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ "kẹ́kẹ́" kékeré kan. Mo yí orí. Dàpọ̀ ti nawọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ti fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yọ ní bẹ́líìtì mi, ó ti kó o sí Lásísì lọ́wọ́! Olè mi! Olè tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta jà sí! Bàbá ní "lórúkọ Jésù", fíìmù tán.

Bàbá wá tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó wò mí. "Dìde, ọmọ mi. Ní káwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Nígbà tí a gbé fíìmù náà hàn ní Òṣogbo, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ta ni wọ́n ń pariwo? "Dàpọ̀! Dàpọ̀!" Wọ́n gbé e sọ́rùn! Èmi tí mo jẹ eruku, "Ọlọ́pàá Oníìdọ̀bálẹ̀" ni wọ́n ń pè mí títí di òní.

Ẹjọ́ ò tíì parí. Ọjọ́ tí a sọ ọmọ wa kẹta lórúkọ, mo bi bàbá pé kí ni wọ́n wá ṣe ní Òkèṣà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Dàpọ̀ ló wá sílé wọn láàárọ̀. Ó ní bí bàbá bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ ọmọ Òṣogbo yẹn nílé, kí bàbá wá dúró sí ibi báyìí, ní àkókò báyìí.

Ẹnu mi ò lè pa dé! Ṣé nítorí Ìbídùn ló ṣe lọ pe bàbá ni, àbí nítorí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀? Mo tún pe Dàpọ̀ lórí fóònù lánàá, mo bi í. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹ má máa pariwo mọ́ ẹni tó ń kí èèyàn, ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pàdé ní iwájú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń bá yín du nǹkan, tó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lè ti lọ tún ayé yín ṣe lẹ́yìn yín, ẹ ò sì ní lè bínú sí i tẹ́rùn. Ta ni Dàpọ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ mi: olè yẹn, olè ta ni?