Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Nínú Oṣù Ìdákẹ́jẹ́

Gbogbo nǹkan ni mo wò kí n tó ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn, àfi ariwo rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké oníke ni mo máa ń tò pọ̀, tí mo sì ń kùn. Gọ́ọ̀nù tí mo yàn láti máa fi fọ́n ọ̀dà sí i lára kò gùn ju bírò lọ; ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde; tí o bá fà á sẹ́yìn, ọ̀dà á tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ronú lórí gọ́ọ̀nù yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó máa fún un ní afẹ́fẹ́, ní Abossey Okai, ní Accra níbí, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kun mọ́tò. Agbára rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú.

Oṣù tí àwọn Gà, onílẹ̀ Accra, fòfin de ìlù àti ariwo ṣáájú ọdún wọn ni mo kọ́kọ́ tàn án. Mo mọ̀. Èrò mi ni pé ìlù nìkan lòfin náà ń bá wí. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Kí táńkì tó kún, bàbá onílé ti dé ẹnu ọ̀nà. Ataa là ń pè é, bí àwọn Gà ṣe ń pe àgbà.

Kò wojú mi. Ìyá mi ló bá sọ̀rọ̀.

“Alata, ó lé ní ogójì ọdún tí o ti wà nílé yìí. Ṣé ọmọ rẹ ò mọ oṣù tá a wà ni?”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ forí jì wá, Ataa. Ọmọdé ló ń ṣe é.”

“Ọmọdé wo? Èyí tó ti hu irùngbọ̀n funfun yìí?”

Lọ́jọ́ mìíràn, à bá rẹ́rìn-ín. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí, ṣùgbọ́n Ataa kò pe ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí. “Arábìnrin mi” ló ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n a jọ jókòó níta, wọ́n a máa jẹ ẹ̀pà nínú abọ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò gbé àpótí rẹ̀ jáde.

Mo wá ọgbọ́n dá. Mo gbé táyà ọkọ̀ kan lọ bá fọkanáísà, ó fẹ́ ẹ dé ogójì páúnù. Mo so gọ́ọ̀nù mọ́ ọn, mo fi fáàfù dín agbára rẹ̀ kù sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ike tó ń gba omi sáàárín, torí afẹ́fẹ́ Accra ní ọ̀rinrin, omi rẹ̀ a sì máa ta sára ọ̀dà. Kò dún rárá. Ọ̀dà náà jókòó geere.

Mo gbé ọkọ̀ oníke tí mo kùn náà lọ fi han ìyá mi. Kò gbà á.

“Ṣé Ataa ò gbọ́?”

“Kò gbọ́, Màámi.”

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òfin náà kúrò, ìlù gba gbogbo àdúgbò. Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ jáde. Ataa kí i dáadáa, ó bu ẹ̀pà fún un sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ìyá mi gbà á, ó ń wo ẹnu Ataa, ó ń dúró de “arábìnrin mi”. Ataa ń bu ẹ̀pà tirẹ̀ jẹ.